Máàpù Àbàtà Orí Tábìlì Wa

Lọ́jọ́ tí máàpù náà kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Padova, orí itan ni mo ti jẹ ẹ̀bà. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa mí, mo gbé abọ́ lọ sídìí tábìlì tí mo ti ń jẹun láti ìgbà tí a ti gba ilé náà. Ìyàwó mi na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ń dá màlúù dúró lójú títì.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síbẹ̀. Máàpù Bàbá ló wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án.”

Bàbá tó ń wí yìí kò bí i, kò sì bí mi. Òyìnbó kan ni, ará Padova níbí, tí ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ badante lọ́dọ̀ rẹ̀: ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń se oúnjẹ fún un, ó ń fún un léjìká bó bá fẹ́ dìde, ó sì ń bá a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú bàbá náà ti di bàìbàì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní “ó”. Ìyàwó mi ń pè é ní “wọ́n”. Èmi ò lè ṣe é. Owú kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn.

Mo gbé abọ́ mi dání, mo wo ohun tó gba ipò mi. Ìwé náà fẹ̀ tó aṣọ tí wọ́n fi ń pọn ọmọ. Ó ti gbó, ó sì ti ya ní gbogbo ibi tí wọ́n ti máa ń ká a. Àwọ̀ búlúù ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Búlúù tó ki ni adágún omi, èyí tí wọ́n fà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àbàtà. Níbi díẹ̀ tí ilẹ̀ ti gbé orí sókè, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ń yí ara wọn ká bí ìlà orí ìka ènìyàn. N kò rí títì. N kò rí ìlú. N kò rí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí mọ́ṣáláṣí. Ilé kan ṣoṣo ni mo rí, àmì dúdú kékeré báyìí, àti ìlà kan tó ń já tó ń so tó lọ síbẹ̀.

“Níbo nìyí?” mo bi í.

“Finland ni. Lókè pátápátá, lọ́hùn-ún níbi tí òtútù ti ń wá. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, àwọn àtìyàwó wọn tó ti kú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín já. Pákó ni wọ́n tẹ́ sórí omi, orí pákó lẹ máa gbà. Ẹ wò ó, ìlà tó ń já yìí ni pákó náà.”

“Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀?”

“Wọn ò wá nǹkan kan.”

“Wọn ò wá nǹkan kan, wọ́n sì lọ?”

“Wọ́n lọ wò ó ni, Dádì.”

Ọmọbìnrin wa gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. “Papà, ma è solo una mappa,” ó wí, ìyẹn ni pé máàpù lásán ni. Gbogbo ohun tí a bá sọ fún ọmọ yìí ní Yorùbá, Italian ló fi ń dá wa lóhùn. Mo lọ jókòó sórí àga onítìmùtìmù, mo gbé ẹ̀bà lé itan.

Ṣé ẹ rí i, ìyàwó mi ló bẹ bàbá náà pé kó jẹ́ kí òun gbé e wálé wá tún ṣe. Sẹ́lótéèpù ni wọ́n ti fi ń lẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, sẹ́lótéèpù náà sì ti gbó, ó ti sọ ojú ìwé di pípọ́n. Ìyàwó mi ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ó lọ ra sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa lẹ́bàá stazione, ibùdókọ̀ réluwéè, ó fi omi tútù pò ó, ó da omi híhó lé e, ó rò ó títí tó fi ń dán. Ó tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ó fi sítáàṣì náà kun ún, ó sì gbé ẹ̀yìn máàpù lé e. Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe ìwé àwọn nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ní ìlú tiwọn, ìwé tí kò bá ní aṣọ lẹ́yìn, ọ̀rinrin á ti jẹ ẹ́ kí táàmù tó parí.

Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ìwé náà láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, kí atẹ́gùn má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Muletto ni mò ń wà ní magazzino ní Verona, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè sódò nínú ilé ìkẹ́rùsí, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀yìn kì í dùn mí. Ìyàwó mi náà ló ń fi ìpara ra á fún mi. Ó máa ń ra á bí ẹni tó ń nu tábìlì. Ìgbà tí mo rí ọwọ́ tó fi ń ra ìwé olówó-orí ẹlòmíràn yìí ni mo mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn wà lára rẹ̀ tí kò kàn mí rí. Mo jowú. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú ìwé.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìyàwó mi ti wá, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, létí òkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí ilé wà lórí òpó nínú àbàtà, tí wọ́n ń gba orí pákó láti ilé kan bọ́ sí èkejì, tí ọmọ kékeré ń tu ọkọ̀ lọ síléèwé. Èmi, ọmọ Ṣakí ni mí. Òkúta àti ọ̀dàn ni tiwa. Kí n tó kúrò nílé, omi tó pọ̀ jù tí mo rí ni èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ìyá mi. Nígbà tí a fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìyá mi fàáké kọ́rí pé ọmọ òun kò ní wọ ọkọ̀ ojú omi torí pé ó fẹ́ gbéyàwó. Orí ilẹ̀ gbígbẹ la ti ṣe é, ní Òkìtìpupa, nínú gbọ̀ngán tí a háyà. Àwọn ẹbí ìyàwó ló di pupurú àti ẹja yíyan sínú ọkọ̀, tí wọ́n wá bá wa. Wọ́n jó, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò ṣàròyé. Láti ìgbà náà, bí a bá ti lọ sílé, ìyàwó mi àti ọmọ á wọ ọkọ̀ ní Igbókọ̀dà lọ kí àwọn àgbà, èmi á dúró dè wọ́n ní Àkúrẹ́. Ẹ̀rù omi ń bà mí, ẹ̀rù kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù ejò, wọn ò ní kí wọ́n wá máa bá a gbé.

Ìyàwó mi kì í sì í sọ̀rọ̀ ibẹ̀ púpọ̀ fún mi. Mo rò pé kò sí nǹkan tó wà níbẹ̀ tí ènìyàn ń sọ. Nígbà tí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ìlú wọn, tó ń gbé ilé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ilé bàbá rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ máa ń fi fídíò ránṣẹ́. Ó máa ń wò ó, á sunkún díẹ̀, a ó gbàdúrà, a ó bá iṣẹ́ wa lọ.

Nígbà tí máàpù gbẹ tán, tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, mo rò pé wàhálà tán. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá náà á ní kó tẹ́ máàpù síwájú òun. Ìyàwó mi á fi ìka lé orí pákó náà, á máa pe orúkọ àwọn adágún omi níkọ̀ọ̀kan, orúkọ tó gùn bí ọ̀pá, bàbá á di ojú rẹ̀, á máa sọ ohun tó wà níbẹ̀: pé níbí ni ìyàwó òun ti jìn sínú ẹrẹ̀ dé orúnkún, pé níbí ni ẹyẹ kan ti tẹ̀lé àwọn. Bó bá dé ilé, ìyàwó mi á tún un sọ fún wa. Ó ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti le níbẹ̀ àti ibi tí ó ti rọ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti lè pàgọ́. A ti gbé ní Padova fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ bó bá fẹ́ lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìgbélùú, ó ṣì máa ń bi mí pé bọ́ọ̀sì wo lòun máa wọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo bi í pé kí ló dé.

“Bàbá ni. Wọ́n ní tí òun bá sọ àbàtà tòun tán, kí n sọ tèmi.”

“Àbàtà tìẹ wo?”

“Tilé wa, Dádì. Èwo ni mo tún ní?”

“Kí lo wá sọ fún un?”

Kò gbójú sókè. “Gbogbo ẹ̀,” ó wí.

Mo gbé “gbogbo ẹ̀” yẹn wọ réluwéè lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Mo gbé e sórí muletto. Gbogbo kí ni? Kí ló pọ̀ níbẹ̀ tó fi ń jẹ́ gbogbo? Ọmọ Ìbàdàn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí mi tí mo gbé ẹrù lọ síbi tí kò yẹ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń ṣe yín?” Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. “Arúgbó tí ò lè dá bàtà wọ̀ lẹ̀ ń bá jowú? Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jẹun.” Mo dá ẹrù náà padà síbi tó yẹ. Kò mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba ìyàwó ẹni.

Nígbà tí òtútù lọ tán, ọ̀rọ̀ tó ga jù ú lọ dé. Bàbá náà ní ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Torino. Ọmọ náà fẹ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ wo àbàtà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ooru kí ọlọ́jọ́ tó dé. Bàbá ní òun ò lọ bí ìyàwó mi kò bá sí níbẹ̀. Ó ní ojú òun ti lọ, pé ojú tirẹ̀ ni òun fẹ́ fi rí i. Òun á jókòó sínú mọ́tò níbi tí títì parí sí, ìyàwó mi á gba orí pákó lọ dé ilé kékeré yẹn, á sì máa sọ ohun tó ń rí fún òun lórí fóònù.

Mo ní hẹn-ẹ́n, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

“Iṣẹ́ ni, àbí?” mo bi í. “Wọ́n ní o gbọ́dọ̀ lọ ni?”

Ká ní ó ní iṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ó fọwọ́ lé orúnkún, ó wò mí dáadáa. “Rárá o. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́, kò burú. Èmi ni mo fẹ́ lọ.”

“Èmi ò gbà,” ni mo wí.

Kò jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tútù dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá onílé sọ̀rọ̀: ẹ káàárọ̀, ẹ káàbọ̀, oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Ọmọbìnrin wa ń wo èmi, ó ń wo ìyá rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan ní èdè kankan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan ìyàwó mi ní, “Ẹ wá rí wọn, Dádì. Bóyá ọkàn yín á balẹ̀.”

Mo lọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo dán bàtà, mo fín lọ́fínńdà, bí ẹni pé èmi ni mo ń lọ tọrọ ìyàwó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí ọkùnrin tín-ín-rín kan nínú àga, súwẹ́tà rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó na ọwọ́ sí apá ibi tí mi ò sí. Mo lọ gba ọwọ́ náà. Máàpù wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó na gbọnrangandan, sítáàṣì ti gbé e ró. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa sí mi. Mo ti ń fẹ́ kó gbéra ga sí mi kí n lè kórìíra rẹ̀, kò ṣe é. Ó ní inú òun dùn, ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ bi mí ní nǹkan kan.

Ó ní ìyàwó mi ti sọ ìlú wọn fún òun dé góńgó, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí síbi kan kì í rí ibẹ̀ bí àlejò ṣe ń rí i. Òun náà, àlejò ni òun jẹ́ ní àbàtà tòun. Ó ní kí n sọ fún òun, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dé ilé àwọn àna mi, kí ni ojú mi kọ́kọ́ rí?

Ìyàwó mi ń gbé kọfí bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó dúró.

Mo ní, “Omi. Omi pọ̀.”

Bàbá náà mi orí, ó ń dúró kí n máa bọ̀. Mo ní ilé wọn dára. Mo ní ẹja pọ̀. Ó bi mí pé apá ibo nínú ilé ni òkun ti kọ́kọ́ wọlé sí, ṣé àkàsọ̀ tó kọjú sí ọkọ̀ ni, àbí ẹ̀yìn níbi tí ìyá ìyàwó mi ti ń yan ẹja? Ó fẹ́ mọ̀ nítorí pé ìyàwó mi kò tíì lè sọ ibẹ̀ fún òun láìsunkún. N kò mọ̀ pé àkàsọ̀ kan wà. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń yan ẹja. Mo ní ẹ̀yìn ni.

Ìyàwó mi gbé kọfí kalẹ̀, ó bi bàbá bóyá ó ń fẹ́ ṣúgà, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí ojú ọjọ́. Ó bo àṣírí mi. Mo fi ìbínú jáde nínú ilé yẹn, torí ká ní ó tú àṣírí mi níbẹ̀, à bá jọ jà á tán. Òun bò mí bí wọ́n ṣe ń bo ọmọ àlejò tó tọ̀ sára nílé onílé.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nínú tiwa, bí ọ̀rọ̀ ìyàwó bá ju agbára ọkọ lọ, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Mo ní ó dáa, ẹni tó bí i ló máa kọ̀ fún un. Ní ọjọ́ Sunday, nígbà tí ìyàwó àti ọmọ lọ síbi ìdánrawò àwọn akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe bàbá ìyàwó mi. Bàbá náà ṣì wà nínú àbàtà yẹn, ní apá tí òkun kò tíì dé, ó ń gbé nílé àbúrò rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Mo ní, “Bàbá, ẹjọ́ ni mo mú wá. Ọmọ yín fẹ́ tẹ̀lé òyìnbó kan lọ sínú àbàtà.”

“Àbàtà?” ni bàbá wí. “Níbo?”

“Ní Finland, sà. Ibi tí kò sí ènìyàn, tí kò sí ilé. Omi ni gbogbo ẹ̀.”

“Omi dúdú ni àbí omi iyọ̀?”

Mo ní, “Sà?”

“Omi ibẹ̀. Báwo ló ṣe rí?”

Mo ní mo gbọ́ pé dúdú ni.

“Hẹ̀n. Omi koríko jíjẹrà nìyẹn, kò léwu. Ṣé ọkọ̀ ni wọ́n ń tù níbẹ̀?”

“Rárá sà. Wọ́n ní pákó ni wọ́n tẹ́ sórí omi, orí ẹ̀ ni wọ́n ń rìn.”

Àfi bí ẹni pé mo sọ fún un pé ó jẹ tẹ́tẹ́. Mo gbọ́ tó ń pariwo sí àwọn ará ilé. “Ẹ wá gbọ́ o! Àna wa ní òyìnbó náà ń rìn lórí pákó! Ó ní wọ́n tẹ́ pákó sórí àbàtà bíi tiwa!” Ìyá ìyàwó mi gba fóònù, ó bi mí pé irú igi wo ni wọ́n fi ṣe é. Ẹnìkan bèèrè irú ẹja. Ẹnìkan ní ṣé ẹ̀fọn wà. N kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bi mí lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, inú wọn ń dùn. Mo wà lórí àga ní Padova pẹ̀lú ẹjọ́ mi lọ́wọ́, ẹnìkan ò bá mi gbà á. Ọlọ́gbọ́n wo ló ń lọ sọ fún ẹja pé omi kò dára?

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, bàbá gba fóònù padà. “Jẹ́ kó lọ, ọmọ mi. Kó lọ bá wa wò ó.” Ó wá bi mí pé, “Ìwọ náà ń bá wọn lọ, àbí?”

“Rárá sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan,” ó wí. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, bí àwọn àna ṣe ń bá ara wọn ṣe é. Ó ṣàdúrà fún mi, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà fi ń ta mí.

Ìgbà tí ìyàwó mi gbọ́ pé mo ti pe bàbá rẹ̀, mo rò pé á bínú. Àwọn ará ilé ti pè é sọ ọ́ fún un kí n tó sọ̀rọ̀. Ó kàn ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bèèrè.” Ó lọ ra bàtà rọ́bà lọ́jà.

Èmi ni mo sìn ín dé Torino, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ gbéra. A wọ réluwéè ní àárọ̀, a kọjá Verona, oko àgbàdo ń sá lọ lójú fèrèsé. Mo gbé àpótí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kó má bàa sá. Ara mi kò gbà á mọ́, mo bi í.

“Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀ gan-an? Sọ fún mi. Ìwọ náà lo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Mo fẹ́ rí omi tí kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nílé ẹ̀.”

Mo wá èsì sí i títí a fi kọjá Milano. Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé èmi náà kò lé e kúrò nílé rí, pé mo gba ilé fún un, pé mo ń san owó rẹ̀, pé kí ló dé tí kò wo èmi. Mo gbé e mì. Obìnrin kan tó jókòó níwájú wa ń jẹ búrẹ́dì panino, ó ń wò wá bí ẹni pé ó gbọ́ Yorùbá.

Ní iwájú stazione Torino, mọ́tò ọmọbìnrin bàbá náà ti ń dúró. Ó ti gbé bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan ló sì ń bá a tọ́jú rẹ̀. Bàbá náà wà lórí àga iwájú, ó dé fìlà onírun nínú ooru, fèrèsé ṣí sílẹ̀, ó ń gbé etí bí adìyẹ. Ìyàwó mi pè é láti òkèèrè. Ojú ọkùnrin náà là. Ìyàwó mi sì sáré. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: obìnrin yìí, tí kì í sáré bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi í sílẹ̀, sáré ní gbangba Torino lọ bá máàpù àti ẹni tó ni ín. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú àpótí. Mo gbé e sínú bóòtù, mo bọ bàbá lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n rìn dáadáa. Ó dà bíi pé wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rọ̀.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, fóònù kò wọlé. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń dé. Ọmọ wa ń se pasta, ó sì ní kí n má dààmú, “non c'è campo”, kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Kò dí mi lọ́wọ́ láti máa rò ó pé ó ń bá bàbá náà sọ̀rọ̀, kò bá mi sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó pè, lórí fídíò. Ó ti dé ilé kékeré yẹn, ibẹ̀ ga díẹ̀, fóònù sì ń mú. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó lọ́ ìró lórí ṣòkòtò, ó fi gèlè di etí nítorí ẹ̀fọn. Ó yí fóònù ká kí n lè rí i. Mo rí koríko. Mo rí omi dúdú tó dákẹ́, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ga ju ènìyàn lọ, àti pákó aláwọ̀ eérú tó lọ jìnnà títí ojú ò fi ká a mọ́. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

“Ẹ gbọ́,” ó wí. N kò gbọ́ nǹkan kan. “Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó. Dádì, bó ṣe ń rùn nílé ló ṣe ń rùn níbí. Mo dé orí pákó, ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n. Kí n tó kúrò nídìí mọ́tò, Bàbá ní kí n máa rọra, mo ní ẹ fi mí sílẹ̀, ibí yìí kọ́ ni mo máa ṣubú sí.” Ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín yẹn rí, kò sí nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa. Mo jowú koríko. Mo jowú pákó tó ń gbé e. Owú yẹn gùn mí débi pé mo ya ẹnu sọ ohun tí n kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ.

Mo ní, “Nígbà tí a bá lọ sílé ní December, n ó bá ẹ dé ọ̀dọ̀ bàbá. N ó wọ ọkọ̀. Mo ṣèlérí fún ẹ.”

Ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó tó lọ. Ó yí fóònù padà sí ojú ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbọn etí gèlè rẹ̀.

“Ẹ má dá ara yín lágara, Dádì,” ó wí.

“Kì í ṣe àgara. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ rí ibẹ̀.”

“Mo gbọ́. Ẹ ṣeun.” Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. “Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mi ò retí yín níbẹ̀ mọ́.”

Ó ní òun gbọ́dọ̀ pe Bàbá, pé wọ́n ń dúró de ohùn òun nínú mọ́tò. Ó kí mi, ó ní kí ọmọ má jẹ pasta lójoojúmọ́, ó sì lọ. Mo wo fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú. Mo wá ìbínú nínú ohùn tó fi sọ ọ́, n kò rí i. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀.